Ìbọn Tí Baba Mi Fi Tọrẹ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó yí mi ká yìí, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹnìkan jẹ́ ọdẹ ní Mushin lónìí, ẹni tó ń mú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè rìn káàkiri àdúgbò ló ń wá sí yín lọ́kàn. Ẹ ò jẹ̀bi, òun ni ẹ bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn ọdẹ tó ń pa ẹran wà ní Mushin yìí, wọ́n sì pọ̀. Káfíńtà wà nínú wọn, bíríkìlà wà nínú wọn, ẹni tó ń lẹ táyà wà nínú wọn. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe bíi gbogbo ayé. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́, wọ́n á wọ aṣọ tó ti gbó, wọ́n á gbé ìbọn kọ́ èjìká, ọkọ akẹ́rù kan á sì kó wọn gba ọ̀nà Ìkòròdú lọ sí igbó tó wà lẹ́yìn Ìmọ̀tà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ báyìí, géètì àti òrùlé ni yóò máa rí. Nígbà náà, bí ẹnìkan bá dúró lójú kan níbẹ̀, yóò gbọ́ bí ọ̀yà ṣe ń jẹ koríko.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń padà. Awakọ̀ náà á fọn fèrè ọkọ rẹ̀ láti ìkóríta. Bí ó bá fọn ún lẹ́ẹ̀kan péré, ọwọ́ òfo ni wọ́n bá dé. Bí ó bá fọn ún léraléra, kí ìyá olúkúlùkù gbé ìkòkò kaná. Àwa ọmọdé á sáré jáde, a ó máa du ẹni tí yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹran.

Káfíńtà ni baba mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Ojúwòyè. Kọ́bọ́ọ̀dù tó wà nínú yàrá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yìí, òun ló kàn án. Ẹ ṣí i, ẹ tì í, ẹ gbọ́ bó ṣe ń wọlé sí àyè rẹ̀ láì ké. Ẹ tún lọ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí bálùwẹ̀ wa. Ìyẹ̀fun igi tí ayùn gé kù ni wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, wọ́n wá fi bébà aláwọ̀ igi bò ó lójú. Òjò kan péré ló rọ̀ sí i, ó wú bí àkàrà inú epo. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mi ò bú àwọn tó ṣe é o. Mo kàn ń sọ pé mo ti rí èyí tó dára rí, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe kí n má rántí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, baba mi á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, á tú ìbọn rẹ̀ sí méjì, á sì nù ún. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ló máa ń jí lò. Ìyá mi á pariwo láti inú ilé pé ẹ̀rọ òun ń ké bí eku nítorí pé ìbọn ti mu òróró rẹ̀ tán. Baba mi á dáhùn pé ẹ̀rọ kì í pa ẹran. Ìyá mi á ní ìbọn náà kì í rán bùbá. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, òróró náà á sì máa lọ.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, ti òyìnbó. Kì í ṣe ṣakabùlà tí alágbẹ̀dẹ rọ. Baba mi ti rà á kó tó fẹ́ ìyá mi. Igi ìdí rẹ̀ dúdú, ó sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìrókò tó gbó. Ibì kan wà lára igi náà tó ti jẹ wọnú díẹ̀. Ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ máa ń fara tì nìyẹn. Bí ó bá ti nù ún tán, á pa á dé, irin á bá irin, á dún kọ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo parí ìjà. Mo fẹ́ràn ìró yẹn ju ìró yíyìn rẹ̀ lọ.

Ẹnìkan tún wà tó fẹ́ràn ìbọn náà. Bàbá Rábíù ni, ọ̀rẹ́ baba mi, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mùsùlùmí ni, èèyàn gíga tó lágbára, tó máa ń dá nìkan gbé táyà tírélà. Ṣakabùlà ni òun ń lò ní tirẹ̀, ẹnu ìbọn náà sì ti ń sán. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ kan ìbọn náà á yìn sẹ́yìn, òun á sì di opó ọ̀sán gangan. Bàbá Rábíù á ní kó fọkàn balẹ̀, pé ìbọn òun kì í fi bẹ́ẹ̀ dún.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ ń lọ dáadáa fún baba mi. Ó wá pinnu láti ra ìbọn tuntun. Òun àti Bàbá Rábíù jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tà á fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ìbọn kan wà níbẹ̀ tó ń dán gbinrin. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ẹyẹ sí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó mú baba mi lójú jù ni orúkọ tó wà lábẹ́ ẹyẹ náà: orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ ni. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó pàdé ará ilé ní ìdálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan fún yín kó lè yé yín. Ní ẹgbẹ́ ọdẹ tiwọn, ìbọn tuntun kì í wọlé láì tíì dún. Wọn á kọ́kọ́ gbé e lọ sí igbó, wọ́n á yìn ín kó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà, kí ẹni tó rà á tó fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun ní ìbọn. Bàbá Rábíù rán an létí níbẹ̀. Ó ní, "Káfíńtà, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ná, ká gbọ́ ohùn rẹ̀."

Baba mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tó ti bá ẹ̀gbọ́n gbé láti ìgbà ọ̀dọ́, ṣé ó tún ń béèrè ìwà àbúrò?"

Bó ṣe gbé e wálé nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ Ògún pé, tí àwọn ọdẹ kó ìbọn wọn jọ síwájú irin, tí wọ́n ń jẹ iṣu sísun, tí Bàbá Rábíù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń jẹ ọsàn tirẹ̀ nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, baba mi dìde. Ó gbé ìbọn rẹ̀ àtijọ́, ó lọ fi lé orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn mi, ìwọ ni ojú rẹ̀ mọ̀ jù. Máa lò ó." Bàbá Rábíù fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi ìdí rẹ̀, bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn.

Àṣà kejì rèé. Ìbọn tí a bá fi tọrẹ níwájú Ògún, a kì í gbà á padà. Ẹni tó fi tọrẹ kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ rẹ̀, àní fún yíyá ọjọ́ kan. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gé ọwọ́ tó fi fúnni.

Kò pẹ́ tí ojú baba mi fi là. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó gbé ìbọn tuntun náà lọ sí igbó, ọ̀yà kan jáde sí gbangba, ó jókòó, ó ń wò ó. Baba mi fa ìbọn. Ó dún kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi eyín fọ́ èèpo ẹ̀pà. Ó tún fà á, kẹ́. Ọ̀yà náà nu ẹnu, ó sì rọra lọ bí ẹni tí ìyàwó pè. Àwọn ọdẹ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ láti Ìmọ̀tà dé Mushin. Ọ̀kan bi í pé ṣé ìbọn rẹ̀ ń gbààwẹ̀ ni. Òmíràn ní rárá o, ìbọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun, kò tíì gbọ́ Yorùbá.

Baba mi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ẹ̀rín náà ń tán. Lónìí á yìn, lọ́la á kọ̀. Àwọn ìdè rẹ̀ ń tú fúnra wọn. Òjò kan kọjá, ìpẹtà yọ ní ìdí ẹyẹ náà. Bó bá pa á dé, dípò kó dún kọ́, á máa mì wọ̀kọ̀wọ̀kọ̀ bí eyín arúgbó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó fi ṣóńṣó ìṣó ha igi ìdí rẹ̀ díẹ̀. Fáníìṣì dúdú tí wọ́n fi kùn ún ṣí. Igi funfun ló wà lábẹ́ rẹ̀, igi tí wọ́n fi ń kan àpótí tòmáàtì. Ó gbé ìṣó náà sílẹ̀. Káfíńtà ni, ẹ rántí. Igi ni iṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ara irin ló mú un gbàgbé láti wo igi.

Ó ní, "Fáníìṣì ni mo rà."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ fi ọ̀wọ̀ gbà á, ó sì sọ òótọ́ fún un. Ó ní àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ wọn ti tà á, àwọn tó rà á kò sì ra nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ lọ. Ó ní ìbọn tí àwọn ti àtijọ́ ń ṣe ní oṣù kan, àwọn ti ìsinsìnyí ń ṣe é láàárín oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Baba mi gbé ìbọn rẹ̀, ó padà wálé. Bí àwọn ọdẹ bá pàdé, mo máa ń rí i tí ojú rẹ̀ ń lọ sí ìbọn tó wà ní èjìká Bàbá Rábíù, tí á sì tètè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Kò lè tọrọ rẹ̀. Ọdẹ tí kò sì rí ẹran pa mọ́, wọ́n á máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ títí yóò fi jókòó sílé. Ìyá mi ti ń sọ pé kó jókòó sílé náà. Mo rí i pé ó ti ń rò ó.

Sátidé kan ni Bàbá Rábíù wá ń yí èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Ó ní, "Káfíńtà, èjìká ń dùn mí. Ìbọn yìí wúwo fún mi. Bá mi gbé e, kí èmi gbé tìrẹ tó fúyẹ́."

Baba mi wò ó. Ó gbà á.

Lọ́jọ́ náà, fèrè ọkọ dún léraléra láti ìkóríta. Láti ìgbà náà lọ, kò sí Sátidé tí èjìká Bàbá Rábíù kì í dùn ún. Bí wọ́n bá ti wọ ọkọ, wọ́n á ṣe pàṣípààrọ̀. Bí wọ́n bá dé Mushin, wọ́n á tún ṣe é padà. Ẹran tí baba mi bá pa, itan rẹ̀ kan jẹ́ ti ẹni tó ni ìbọn. Bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Baba mi á gé itan fún Bàbá Rábíù níṣojú gbogbo ènìyàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó Bàbá Rábíù á ti gbé abọ́ ọbẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wá fún ìyá mi, á ní ó pọ̀ jù fún àwọn. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà wá kó lọ sórí Bàbá Rábíù. Wọ́n ń bi í pé kí ló ń fi ìbọn ṣe nínú igbó, ṣé ó ń fi í tilẹ̀ ni. Ó máa ń dá wọn lóhùn pé ojú òun ló ń ba ẹran lẹ́rù, kí wọ́n má ṣe ìlara òun.

Mo jẹ́ ọmọ tó ń wo nǹkan. Ní òwúrọ̀ kan, mo rí Bàbá Rábíù tó gbé táyà tírélà kọ́ èjìká ọ̀tún, tó tún ń kọrin. Mo lọ sọ fún baba mi.

Ó ń fá igi lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Òsì ló ń dùn ún."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n Bàbá, èjìká ọ̀tún ló fi ń gbé ìbọn."

Ó ní, "Lọ ran ìyá rẹ lọ́wọ́."

Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún, títí àìsàn kékeré kan fi mú Bàbá Rábíù, tí a kò sì tíì gbà pé àìsàn ni kó tó gbé e lọ. Mo ti jáde ilé ìwé nígbà náà. Àwọn àlùfáà sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, àwọn ọdẹ béèrè lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ kí àwọn ṣe ìṣípà fún un, ètò tí ọdẹ fi ń ya ọdẹ tó kú kúrò láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìdílé gbà. Igbó ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe opó lè gbọ́, nítorí náà gbàgede tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n lò. Àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Èmi wà nínú ilé lọ́dọ̀ opó náà, Ìyá Rábíù. A jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, a ń wo ìta. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n kó àpò ọdẹ rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti ìbọn rẹ̀ lé e. Ìbọn baba mi àtijọ́ ni mo ń wí. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ohun tó wà lórí ẹní yẹn títí gbogbo ọdẹ yóò fi yìn tán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ló ń kọ́kọ́ yìn, ìbọn ara rẹ̀ ni yóò sì yìn, kì í yá ti ẹlòmíràn. Bí ìbọn rẹ̀ bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n gbà pé òkú kọ ìkíni rẹ̀. Wọ́n á ní ìjà wà láàárín wọn tí ẹnìkan kò mọ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í tún bá wọn jókòó mọ́, ojú tí ìdílé òkú á sì máa fi wò ó kò ní dára.

Baba mi ti ń nu ìbọn rẹ̀ láti òwúrọ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé ìgò òróró lé e lọ́wọ́.

Ó dúró níwájú ẹní náà. Ó na ìbọn sójú ọ̀run, ó fà á. Kẹ́.

Ó pààrọ̀ ọta. Ó tún fà á. Kẹ́. Mo gbọ́ tí àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Olúọdẹ, tó jẹ́ olórí wọn, sorí kọ́. Baba mi gbé ìbọn náà sókè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni ọwọ́ Ìyá Rábíù kúrò nínú ọwọ́ mi. Kò jáde, nítorí opó ni. Ó kàn gbá kọ́tìnnì mú, ó sì sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Olúọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó dúró. Ọkọ mi kò bá a jà. Ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn ni ọkọ mi ń gbé kiri ní gbogbo Sátidé. Kò fẹ́ kó máa kọ̀ mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́."

Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ, ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ jù nínú wọn, bi í pé ṣebí èjìká ló ní ó ń dun òun.

"Èjìká wo? Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wú, ta ló ń gbé mi lọ sí bálùwẹ̀?"

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọkùnrin ẹlẹ́fẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn ló ń fi ẹni tó ń ṣoore ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti fi apá aṣọ nu ojú. Baba mi gbé ìbọn rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Kò wo ẹní náà. Kò lè tọrọ ìbọn tó wà lórí rẹ̀, nítorí òfin ẹni tó fi tọrẹ kò gbà á láyè.

Olúọdẹ dìde. Àgbàlagbà ni, ìdìde rẹ̀ ń pẹ́. Ó wo ẹní títí, ó wo ojú àwọn yòókù, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé ìbọn àtijọ́ náà. Ó ní, "Ẹni méjì ló ni èyí. Ọ̀kan ti lọ." Ó gbé e lé baba mi lọ́wọ́.

Baba mi fi ọta sí i, ó pa á dé. Mo gbọ́ ìró náà láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó yìn ín. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ mọ bánígà tí wọ́n ń yìn nígbà Kérésì nìkan. Àwọn ẹyẹlé gbogbo àdúgbò gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọdẹ yòókù yìn tẹ̀lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí èéfín fi bo gbàgede. Ìyá Rábíù jókòó padà, ó fi orí lé èjìká mi, ó sunkún bó ṣe wù ú.

Baba mi fi ìbọn náà sílẹ̀ lórí ẹní. Àwọn ọmọ Bàbá Rábíù bẹ̀ ẹ́ pé kó máa gbé e lọ, ó ní rárá, ohun tí òun ti fúnni ni. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ sílé fún ọdún díẹ̀. Nígbà tí kò sí ọdẹ kankan mọ́ nínú wọn, wọ́n lọ fi lé ìjọba lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ìṣípà náà, baba mi kò lọ sí igbó mọ́. Ọkọ akẹ́rù náà ń lọ láìsí i fún ìgbà díẹ̀, òun náà sì dáwọ́ dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ìṣípà yẹn, èmi àti baba mi jọ rìn padà sílé. A kọjá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a kọjá ibi tí Bàbá Rábíù ti máa ń lẹ táyà. Mo bi í pé ṣé ó ti mọ̀ nípa èjìká yẹn.

Ó ní òun ti mọ̀ láti Sátidé àkọ́kọ́.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà láyé?"

Ó ní, "Ẹni tó bá dúpẹ́, ó ti gbà tán nìyẹn. Òun kò tíì fún mi tán."